Faransé Orí Fàráńdà

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ Sàláúdéènì. Kì í jalè, kì í mutí, kì í wo ìyàwó oníyàwó. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò sí ohun tí kò mọ̀. Bí ẹ bá ní orí ń fọ́ yín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe dókítà rí. Bí mọ́tò yín ò bá ṣíná, òun ló kọ́ ẹni tó kọ́ mẹkáníìkì yín níṣẹ́. Èmi tí mo ti ń ránṣọ fún ọdún méjìlélógún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó ní bí mo ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ò bágbà mu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo dì í sínú díẹ̀. Màmá Afeezat ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní Ìlaròó. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kọjú sí fàráńdà Sàláúdéènì gan-an, nítorí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Bàtà tòkunbọ̀ ni Sàláúdéènì ń tà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gba ibodè lọ sí Kutọnu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti lọ ra bàtà. Modinat ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja nínú ọjà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Toheebat, ọmọ ọdún mẹ́wàá, Husain tó tẹ̀lé e, àti Basit, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Husain ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láìmọ̀. Ó mú iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀ láti ilé ìwé: “Kí ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin?” Bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kó ka ìbéèrè náà tán.

“Kọ Kutọnu.”

Husain kọ ọ́. Tíṣà fi báírò pupa fagi lé e, ó kọ Pọ̀tọ̀nọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú Sàláúdéènì gan-an ni igi yẹn bà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tó ti dé ọgbà ilé ìwé.

“Tíṣà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ sí Kutọnu. Olú-ìlú ni mo máa ń bá níbẹ̀.”

Tíṣà fi sùúrù dá a lóhùn pé Pọ̀tọ̀nọ́ ló wà nínú ìwé.

“Ṣé ìwé ló ń lọ ra bàtà níbẹ̀ ni, àbí èmi?”

Kí agogo ilé ìwé tó dún, ó ti kó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálé tàwọn ti báàgì lẹ́yìn. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ni òun ó máa kọ́ àwọn ọmọ òun nílé. Ó ní àwọn òyìnbó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn sì ń lọ sínú òṣùpá.

Modinat gbé igbá ẹja kalẹ̀. “Bàbá Toheebat, ẹ̀yin tí mo bá ní kẹ́ ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì ara páálí oògùn fún mi, tí ẹ máa ń ní dígí yín ti sọnù? Ẹ ò ní dígí rí.”

“Ohun tí mo mọ̀ kì í ṣe ti ojú. Ti orí ni.”

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Sàláúdéènì tiwa, fàráńdà ló wò, ó bá sọ ọmọ di akẹ́kọ̀ọ́.

N ò ní purọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wuyì. Èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù wọn, búlúù tó ní kọ́là funfun. Ó gbé ríìmù ọ̀kadà kọ́, ó fi ṣe agogo. Ó fi ọ̀dà dúdú kun ilẹ̀kùn ògbólógbòó kan ṣe pátákó ìkọ̀wé. Òun ni ọ̀gá àgbà, òun ni tíṣà, òun náà ló ń ṣí géètì. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ọmọ mẹ́ta á tò, wọ́n á kọrin, ọ̀gá àgbà á wá máa yẹ èékánná tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé láti gé fún wọn wò.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, Husain pẹ́. Ẹ bá mi rò ó. Ọmọ tó sùn ní pálọ̀ ló pẹ́ dé fàráńdà.

“Husain, kí ló dá ọ dúró lọ́nà?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà nínú ilé ìwẹ̀.”

Ọ̀gá àgbà ní kó kúnlẹ̀, nítorí ilé ìwé gidi kì í gba àwáwí.

Ó tún kọ lẹ́tà ìpàdé òbí, ó fi rán Basit sí Modinat lọ́jà. Obìnrin náà pa àtẹ tì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú òórùn ẹja lára. Ọkọ rẹ̀ dìde níwájú rẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé pé àwọn òbí ayé ìsinsìnyí ò bìkítà fún ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Modinat gbọ́ ọ tán, ó nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, bàbá àwọn ọmọ yìí ńkọ́? Kí ló dé tí kò wá?”

“Ó wà lẹ́nu iṣẹ́,” ni Sàláúdéènì wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ nílé á rí i pé ọmọ kì í ṣe bàtà tí a lè tò sórí àtẹ. Oníbàárà á dé sáàárín ìṣirò, ẹ̀kọ́ á dúró. Ẹ̀kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀, Basit á ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Ìtọ̀ á tán, ebi á dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ ti mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ gbogbo ará àdúgbò, ṣùgbọ́n wọn ò mọ méje lọ́nà mẹ́jọ.

“Bàbá,” Basit á bèèrè, “kí ló dé tí ẹja kì í kú sódò?”

Sàláúdéènì á wojú ọ̀run díẹ̀. “Ìyẹn wà ní táàmù tó ń bọ̀.”

“Bàbá,” Toheebat á ní, “báwo la ṣe ń ro ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin?”

“Táàmù tó ń bọ̀.”

Kò ju oṣù méjì lọ tí gbogbo ọgbọ́n inú ayé fi kó lọ sí táàmù tó ń bọ̀. Ọ̀sán á pọ́n, ọ̀gá àgbà á sùn sórí àga pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, Toheebat á sì rọra gba ojú títì kọjá sọ́dọ̀ mi. Afeezat ọmọ mi ti wà ní ilé ìwé girama. Gbogbo ìwé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi, ibẹ̀ sì ni Toheebat máa ń jókòó sí, á máa kà, á máa fi àjákù aṣọ nu ojú ewé.

“Màmá Afeezat,” ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, “ìdánwò ìwọlé máa tó dé. Tí wọn ò bá gbà mí, ọdún kan ni mo tún máa lò sí i lórí fàráńdà.”

Bó ṣe sọ ọ́ ká mi lára. Ọmọ tí wọ́n ní kó wá ṣẹ̀wọ̀n ní fàráńdà bàbá rẹ̀ ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi Faransé.

Sàláúdéènì rí i pé ìṣirò fẹ́ dójú ti òun, ló bá gbé Faransé kalẹ̀. Ó ní kò sí ilé ìwé ní Ìlaròó tó lè kọ́ Faransé bí òun, nítorí pé ẹnu àwọn tó ni í lòun ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ibodè, fún ọdún mọ́kànlá. Ó kọ ọ́ sára pátákó.

Ó ní “Desandé” ni “Ẹ káàárọ̀.” Ó ní bí mọ́tò bá ti dé ibodè láàárọ̀, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á kọ́kọ́ fi kí èèyàn nìyẹn, gbogbo èrò á sì bọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọmọlúàbí kì í jókòó kí àgbà. “Papié?” ni “Bàbá ńkọ́?” Ìyẹn ò le, papá ló wà nínú ẹ̀. “Ufuré lẹ ṣàkì” ni “Ẹ wá jẹun.” Ó ní níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ṣàkì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ó ní lóòótọ́, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, báàgì òun ni wọ́n máa ń tú, tí wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì inú ẹ̀. “Degáàjì” ni “Ó dàbọ̀.” Wọn kì í sọ ọ́ àfi bí èèyàn bá ń lọ.

“Èyí tó ga jù ńkọ́?” ó ní. “Fọlẹ́. Àlàájì ni ìtumọ̀ ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nìyẹn.”

Modinat gbójú sókè nínú ẹja tó ń ho ìpẹ́ lára ẹ̀. “Bàbá Toheebat, ‘fọ́lé’ ló ń bọ́ sí mi létí.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sójú kan, Yorùbá nìkan lẹ máa ń gbọ́.”

Ó gbé fìlà wá bá mi, ó ní kí n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ FỌLẸ́ sí iwájú rẹ̀. Mo kọ ọ́. Gàdàgbà ló hàn, èèyàn lè kà á láti òdìkejì títì.

Bàbá Modinat wá kí wọn láti Jóga-Orílé ní ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá ń lọ ni àwọn ọmọ tò sẹ́nu géètì, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan: “Degáàjì, Fọlẹ́!” Bàbá dúró. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ́ ọ títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní òun á mú un dé Jóga. Sàláúdéènì wú bí ẹ̀wà.

Ìdánwò dé. Ilé ìwé girama tuntun kan ló wà lójú ọ̀nà Ìdogo, Màmá Ìbítóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá a sílẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù ní kíláàsì àkọ́kọ́. Ọjọ́ ọjà ni, Modinat ò lè lọ. Ó bẹ̀ mí kí n tẹ̀ lé wọn, ó ní kí ẹnì kan tí orí rẹ̀ pé wà níbẹ̀. Sàláúdéènì mú Basit dání, ó dé fìlà olówùú wúrà yẹn.

Toheebat kọ ìdánwò tirẹ̀ lórí tábìlì kékeré kan. Màmá Ìbítóyè mú un, ó ń wò ó, ó ń mi orí. Ìṣirò yege, Gẹ̀ẹ́sì yege, Yorùbá ò ní àléébù. Èmi tí mo mọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí gbogbo rẹ̀ ti wá, mo panu mọ́.

“Ọmọ yìí ṣe dáadáa,” ni Màmá Ìbítóyè wí. “Ta ló kọ́ ọ?”

Sàláúdéènì dìde. “Èmi ni.”

Ká ní ó jókòó padà ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́ ni tara rẹ̀ ń bá dákẹ́, Sàláúdéènì ò sì dákẹ́ rí.

“Mà, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ibi tó le. Ẹ bi í ní Faransé.”

“Bàbá, a ò fi Faransé dán ọmọ wò níbí. Ó ti tó báyìí.”

“Ẹ bá mi pe tíṣà Faransé yín. Bí ọmọ mi ò bá gbọ́ ọ dójú àmì, ẹ má gbà á mọ́.”

Mo fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó já a gbà. Toheebat wò mí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Wọ́n pe tíṣà Faransé, Músíọ̀ Lásísì. Ọmọ Kétu lódìkejì ibodè ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé báàgì kọ́ apá. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ní, “Ó yá, kí Músíọ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ.”

Toheebat wolẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Desandé, Fọlẹ́.”

Músíọ̀ Lásísì fò dìde lórí àga.

“Papié?”

Ọwọ́ Músíọ̀ ti wọ àpò. Ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde, ó nà á sí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Basit rí i pé wọ́n fẹ́ yọ òun sílẹ̀, ló bá pariwo láti ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, “Ufuré lẹ ṣàkì!” Bí mo ṣe jókòó níbẹ̀, Músíọ̀ gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì Màmá Ìbítóyè, ó tú u: búrẹ́dì gígùn kan, ìwé mẹ́ta, ṣòkòtò kan tó ń gbé lọ fún télọ̀.

Sàláúdéènì wojú gbogbo wa. “Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn.”

Ìgbà náà ni ojú Músíọ̀ wálẹ̀. Ó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ṣòkòtò orí tábìlì, ó wo ọmọ. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀.

“Ọmọ dáadáa, ta ló ní kó o máa pe àgbàlagbà ní olè?”

“Olè kẹ̀?” ni Sàláúdéènì wí. “Àlàájì ni. Ó jọ pé Faransé Kétu yàtọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kí mi bẹ́ẹ̀ níbodè.”

“Ẹ̀gbọ́n,” Músíọ̀ rọra dá a lóhùn, “wọn ò kí yín. ‘Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ mú ìwé yín wá, ẹ ṣí báàgì yín, ẹ̀yin olè.’ Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ń lọ sílé, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún èmi náà. Ara mi ló gbọ́ ọ kí ọpọlọ mi tó dé ibẹ̀.”

“Papié ńkọ́? Bàbá mi ni wọ́n ń bèèrè.”

“Ìwé ìrìnnà ni.”

Sàláúdéènì tún fìlà orí rẹ̀ ṣe. “Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bàbá mi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.”

“Kí ni wọ́n wá máa ń ṣe?”

“Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo rò pé wọ́n ń bá mi kẹ́dùn ni.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú Músíọ̀ ò kúrò níwájú fìlà, Sàláúdéènì sì rí ibi tó ń wò. Ó ṣí i kúrò lórí, ó jókòó lé e. Mo ti ń retí ọjọ́ tí Sàláúdéènì á tẹ́ láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ yẹn. Ọjọ́ náà wá dé, n ò sì gbádùn rẹ̀ bí mo ṣe rò. Ọjọ́ iwájú ọmọ ló fi ta tẹ́tẹ́.

Màmá Ìbítóyè tẹ́ ìwé ìdánwò náà sórí tábìlì. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbà á.”

Sàláúdéènì ò fọhùn. N ò rí irú ẹ̀ rí.

Toheebat ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè. “Bọ́njúù, Músíọ̀. Jẹ mapẹ́ẹ̀lì Toheebat. Kòmáǹ talé-fú?”

Gbogbo ojú Músíọ̀ ló là. Ó yíjú sí Màmá Ìbítóyè, ó ní, “Ó kí mi dáadáa, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó bèèrè àlàáfíà mi.” Ó tún yíjú sí ọmọ. “Ibo lo ti kọ́ ìyẹn?”

“Inú ìwé Afeezat ni, sà.”

“O wá mọ̀ pé èyí àkọ́kọ́ ò dáa?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Kí ló dé tó o fi sọ ọ́?”

Toheebat wolẹ̀. “Bàbá mi ló ní kí n sọ ọ́. Bàbá mi sì wà níbẹ̀.”

Màmá Ìbítóyè bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Bí ọmọdé bá níwèé bí àgbà, kò lè ní irọ́ bí àgbà; ti Toheebat yìí, ìwé ló ní, ó sì tún ní ojú àánú. “Mo gbà á,” ni màmá náà wí. “Bàbá, àwọn ọmọ yòókù tẹ́ ẹ ń kọ́ nílé, kí wọ́n padà sí ilé ìwé wọn lọ́jọ́ Ajé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà,” ni ọ̀gá àgbà fàráńdà dáhùn.

A dé ẹnu géètì kó tó fa Músíọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Etí mi ò sì jìnnà. “Músíọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Degáàjì ńkọ́? Ìyẹn, ‘Ó dàbọ̀’ ni, àbí?”

“‘Kúrò níwájú mi’ ni.”

Sàláúdéènì di igi gbígbẹ sójú kan. Mo mọ̀ pé Jóga ló ti dé nínú ọkàn rẹ̀.

A délé, mo ròyìn gbogbo ohun tí mo gbọ́, títí kan ti degáàjì. Modinat gbọ́ pé wọ́n gba Toheebat, ó fi ọwọ́ ẹja dì mọ́ ọmọ rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù búlúù bàjẹ́, kò sẹ́ni tó bínú. Ibẹ̀ la wà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ló ń pè láti Jóga, Modinat sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Modinat, Faransé ọkọ ẹ yìí dára o. Mo ti fi kọ́ gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, lémọ́ọ̀mù àlejò tó wá láti Ayétòrò fẹ́ wọ mọ́tò. Tọmọdé tàgbà wa tò, a fohùn ṣọ̀kan sọ ọ́ fún un. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. A ti pinnu pé a ó máa sọ ọ́ fún gbogbo àlejò. Ọkọ ẹ wà ńbẹ̀?”

Modinat na fóònù sí i. Ó gbà á bí ẹni gba ẹyin iná.

“Sàláúdéènì ọmọ mi,” ni bàbá ké láti Jóga, tayọ̀tayọ̀, “Degáàjì, Fọlẹ́!”

“Ẹ ṣé, Bàbá,” ni Sàláúdéènì wí. Fóònù kú.

Modinat fọwọ́ lé ìbàdí, ó wo ọkọ rẹ̀. “Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi?”

Sàláúdéènì wo pátákó, ó wo ilẹ̀.

“Ìyẹn wà ní táàmù tó ń bọ̀.”